Ìpara Tí A Fi Ń Wo Àléfọ́ Lè Di Èèwọ̀ Ara

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún ìgbìmọ̀ ìlera, a sì mọ̀ pé ìrẹsì ti jinná nítorí òórùn ọbẹ̀ ti wọlé ṣáájú wa. A ò ní pẹ́ jù. Ní àjọ̀dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru la bá yín sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ara yínyún la gbé wá, pàápàá jù lọ ti àwọn tí àléfọ́ ti wà lára wọn láti kékeré.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣé ara yínyún náà ló kan ní ọjọ́ àjọ̀dún?" A ò bá a jà. Àmọ́ ó kù díẹ̀ kí ara yínyún lé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kúrò lọ́jà, àwa gan-an sì lọ́wọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ lónìí. Ó ní ká má ṣáà dárúkọ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin tí ìsọ̀ yín wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ á ti mọ ẹni tí à ń wí.

Ẹ̀fọ́ gígé àti ata ni àbúrò wa yìí ń tà. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni àléfọ́ ti wà ní kọ́lọ́fín apá rẹ̀, lẹ́yìn orúnkún àti lọ́rùn. Ó ní ásímà pẹ̀lú nígbà tó wà ní kékeré. Bí ọyẹ́ bá dé, á yún un. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á rọlẹ̀. Ó ti mọ bí òun ṣe ń bá a gbé. Ní 2021 ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìka ń là, ó ń ṣomi, ata ń wọ ojú ibi tó là. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò, kí ènìyàn máa ta ata pẹ̀lú irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ra ìpara inú túùbù kan, irú èyí tí wọ́n ń sọ pé ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, pé ó ń pa kòkòrò, ó ń pa làpálàpá, ó sì ń pa yínyún. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ọwọ́ tutù. Ó dá a dúró, ó tún dé. Ó tún fi pa á. Bó ṣe ń lọ, tó ń bọ̀ nìyẹn fún ọdún kan ó lé, àti pé ìgbàkígbà tó bá padà, á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí omi àti ata má bàa kan ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tún wá burú sí i. Ẹ̀yìn ọwọ́ wú títí dé ọrùn ọwọ́, ibi tí ẹnu ìbọ̀wọ́ mọ gẹ́lẹ́ ni wíwú náà mọ.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ta ló fẹ́ ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ tó ń ṣomi? Ẹnìkan ní kúrúnà ni, ẹlòmíràn ní ẹ̀tẹ̀ ni, ẹnìkẹta ní ayé ló ń bá a jà. Kò wá sípàdé fún oṣù mẹ́ta, owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ sì dúró sójú kan. Ẹgbẹ́ rán ènìyàn lọ sílé rẹ̀ láti bèèrè owó. Wọ́n bèèrè owó o, wọn ò bèèrè ọwọ́. A ò ní fi bò fún yín: àwọn kan nínú àwa tí a dúró níwájú yín yìí wà lára àwọn tó sún àga wọn nígbà tó jókòó tì wọ́n nípàdé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí kúrò nílẹ̀: àléfọ́ kì í ràn. Ẹ lè bọ ẹni tó ní i lọ́wọ́, ẹ lè bá a jẹun nínú àwo kan náà, ẹ lè gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Kúrúnà ló máa ń ràn, á máa yún gbogbo ará ilé lóru. Làpálàpá náà lè ràn, òun máa ń ṣe róbótó bí òrùka, etí rẹ̀ á yọ, àárín rẹ̀ á mọ́. Àléfọ́ tí a ń sọ yìí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní eczema, inú ìdílé ló ti máa ń wá, ó sì sábà máa ń bá ásímà àti imú tó ń yún tó ń ṣomi rìn pọ̀. Nínú ìwé àwọn òyìnbó, wọ́n á ní ó máa ń pupa. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, a kì í sábà rí pupa yẹn. Ó lè dúdú ju ara yòókù lọ, ó lè rí bí eérú, ó lè yọ wóróworó bí ẹni pé tútù ń mú èèyàn, bó bá sì pẹ́, ibẹ̀ á nípọn bí awọ bàtà nítorí híhọ. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi máa ń pè é ní ìdọ̀tí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ wo ògiri ilé alámọ̀ tí òjò ti fọ ẹrẹ̀ àárín rẹ̀ kúrò. Ògiri ṣì dúró, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ara alálèéfọ́ ṣe rí. Omi inú rẹ̀ ń jáde, ìyẹn ló fi ń gbẹ háráhárá. Ohun tó wà níta náà sì ń rí àyè wọlé. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan ní Dundee, ní ilẹ̀ Scotland, rí i pé lára ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ní i, ohun tí à ń jogún tó yẹ kó máa mọ ẹrẹ̀ ògiri yẹn ló ní àbùkù. Lára àwa ọmọ Áfíríkà, àbùkù yẹn gan-an kò wọ́pọ̀, ohun mìíràn ló sábà máa ń fà á, ṣùgbọ́n ògiri tó ń jò náà ni.

Ibi tí a ti ń bọ̀ nìyí. Nígbà tí ohun tó wà níta bá rí àyè wọlé, ara lè mú ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀tá. Àwa Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un: a máa ń sọ pé ara mi ò gbà á. Nínú ọ̀rọ̀ wa lónìí, a ó máa pè é ní èèwọ̀ ara. Kò dà bí kí nǹkan ta ènìyàn lára lásán. Bí ẹ bá fi ọṣẹ líle fọ aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ló máa bó, ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀. Ọṣẹ dúdú tí eérú inú rẹ̀ pọ̀ máa ń ta alálèéfọ́ lára gan-an, kì í ṣe pé ó jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, ó kàn mú ju ohun tí awọ rẹ̀ lè gbà lọ ni. Èèwọ̀ ara, ẹni tó ni ín nìkan ló ń bá jà. Ẹ̀yin mẹ́wàá á lo ìpara kan náà, ẹni kan ṣoṣo ni ara rẹ̀ á wú.

Ohun méjì ló sì ń jẹ́ kó máa tàn wá jẹ. Àkọ́kọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ lò ó ni ara ń kọ̀ ọ́. Ẹ lè ti lò ó fún oṣù, àní fún ogún ọdún, kí ara tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Nítorí náà, bí dókítà bá bèèrè, tí ẹ sì dáhùn pé "ṣebí ìpara tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ nìyí," ìyẹn kò tíì dá ìpara náà láre. Èkejì, lẹ́yìn tí ara bá ti mú un ní èèwọ̀, kì í yọ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tó bá kan ara. Ẹ ó lo yẹtí lọ sí òde ní Sátidé, etí á bẹ̀rẹ̀ sí ṣomi ní Mọ́ńdè, ẹ ó sì dá edé tí ẹ jẹ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́bi. Ẹ̀bi ti pa edé tó láyé yìí!

Nígbà kan, ọ̀pọ̀ dókítà rò pé irú èèwọ̀ yìí kì í sábà mú àwọn alálèéfọ́. Ìwádìí ti fi hàn lẹ́yìn náà pé ó ń mú wọn bó ṣe ń mú ẹlòmíràn. Àti pé ẹ wo iye nǹkan tí wọ́n ń fi para! Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè ní ìpara kan. Alálèéfọ́ ní ti kẹ́míìsì, ó ní ti ọ̀rẹ́, ó ní èyí tí wọ́n bá a ra nílùú òkè, ó ní ọṣẹ tí bàbá kan pò fún un. Orí awọ tó ti là ló sì ń fi gbogbo wọn sí. Nígbà tí ọ̀kan bá wá di èèwọ̀, ta ló máa mọ̀? Gbogbo ènìyàn á ní àléfọ́ rẹ̀ ló tún dìde. Á tún fi kún èyí tó ń pa.

Nínú àwọn nǹkan tó ń di èèwọ̀, irin tí wọ́n ń pè ní níkẹ̀lì ló wọ́pọ̀ jù lọ káàkiri àgbáyé. Ó wà nínú yẹtí olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀gbà ọwọ́, irin bẹ́líìtì, bọ́tìnnì jíǹsì. Bí ọmọ bá ní àléfọ́ kan lábẹ́ ìdodo tí kò lọ bọ̀rọ̀, ẹ wo bọ́tìnnì sòkòtò rẹ̀ kí ẹ tó wo ibòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lu etí ọmọ tuntun, ẹ jọ̀ọ́, kí yẹtí àkọ́kọ́ jẹ́ ojúlówó, torí lílu etí ni níkẹ̀lì fi sábà máa ń ráyè wọlé. Aáyù náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bó aáyù tà, tó sì jẹ́ pé àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e lọ́wọ́ òsì ló ń là, ọwọ́ tó fi ń di aáyù mú nìyẹn, ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Aró irun dúdú ni kí ẹ bẹ̀rù. Ohun tó ń mú un dúdú, p-phenylenediamine, tí wọ́n máa ń gé kúrú sí PPD, bó bá ti di èèwọ̀ ẹnì kan, ojú lè wú tí kò ní ríran. Wọ́n tún máa ń pò ó mọ́ làálì. Làálì gidi kì í dúdú, àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n bí obì, ó sì máa ń gba wákàtí kó tó mú. Èyí tó bá dúdú kirikiri láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n yà á sọ́wọ́ ọmọ yín nítorí ìyàwó ṣíṣe. Ẹni tí PPD bá ti mú, títí ayé ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìpara. A fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta ìpara fara balẹ̀ gbọ́ wa, a ò ba ọjà wọn jẹ́. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìpara tó sábà máa ń di èèwọ̀. Lọ́fínńdà inú rẹ̀ ni ọ̀kan. Lára ike, wọ́n á kọ ọ́ ní "parfum" tàbí "fragrance". Ẹ má jẹ́ kí "unscented" tàn yín o, wọ́n lè ti fi lọ́fínńdà kan pa òórùn òmíràn. "Fragrance-free" ni kí ẹ wá. Èkejì ni oògùn tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́. Ẹ bá wa fi ojú sí èyí tó ń jẹ́ methylisothiazolinone. Láti 2017 ni wọ́n ti fòfin dè é ní ilẹ̀ Yúróòpù nínú ìpara tí a ń fi sílẹ̀ lára láìfọ̀ kúrò, nítorí iye ènìyàn tó ń mú. Ẹ̀kẹta ni oògùn tí wọ́n fi kún un láti wo ara sàn, bíi neomycin, èyí tó máa ń wà nínú irú túùbù oníṣẹ́ mẹ́ta yẹn. Àní sítẹ́rọ́ọ̀dì tó ń pa yínyún gan-an lè di èèwọ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ ti rí bó ṣe mú àbúrò wa? Sítẹ́rọ́ọ̀dì inú ìpara ń pa iná, neomycin inú ìpara kan náà ń dá iná. Bí ó bá ń fi pa á, apá kan á bo èkejì mọ́lẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró, iná á yọ. Ó sì ń rò pé nítorí òun dáwọ́ dúró ni.

Ti ìpara àpòpọ̀ tí a ń bù sínú ike láìní àkọlé wá burú jù, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè kà lára rẹ̀. Sítẹ́rọ́ọ̀dì líle bíi clobetasol máa ń wà nínú èyí tí wọ́n fi ń bóra, ó máa ń mú awọ fẹ́lẹ́, àwọn mìíràn sì ń fi pa ọmọ ọwọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta ìpara ló ta túùbù yẹn fún àbúrò wa. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sunkún, torí owó iye tó rà á ló fi fún un, kò jèrè kọ́bọ̀. Ìfẹ́ ló fi tà á. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀: ẹ má ya páálí kúrò lára ìpara kí ẹ tó tà á, bí ẹnì kan bá sì ní òun ní àléfọ́, ẹ jẹ́ kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó sanwó.

Ẹ̀gbọ́n àbúrò wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá níkẹyìn, lọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Dókítà kò wo ọwọ́ nìkan. Ó ní kó kó gbogbo ohun tó ń fi para wá, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ike àti túùbù mọ́kànlá ló kó wá sínú àpò náílọ́ọ̀nù. Wọ́n wá lẹ àwọn oògùn kéékèèké mọ́ ọn lẹ́yìn, nǹkan kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wà níbẹ̀, kò fi omi kan ẹ̀yìn, kò ṣe iṣẹ́ tó lè mú un làágùn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n tún wò ó, nítorí ọ̀pọ̀ èèwọ̀ kì í yọ títí di ìgbà náà. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gún sápá fún oúnjẹ àti eruku, tí èsì rẹ̀ ń jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dókítà ará Jámánì kan, Josef Jadassohn, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé irú àyẹ̀wò yìí ní 1895. Oògùn ni òun náà ń tọpa nígbà yẹn, oògùn tí wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe, tí ara àwọn aláìsàn kan kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀.

Ojú méjì ló wú lẹ́yìn àbúrò wa, tó yún un. Neomycin ni ọ̀kan. Èkejì ni oògùn tí wọ́n fi ń mú rọ́bà le, èyí tó wà nínú ìbọ̀wọ́. Ata kọ́, ẹ̀fọ́ kọ́, ayé kọ́.

Ẹni tí kò bá tíì lè dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ kó gbogbo ìpara yín tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, yàtọ̀ sí oògùn tí dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún yín, kí ẹ sì lo faselíìnì lásán tí kò ní lọ́fínńdà, lẹ́yìn tí ẹ bá wẹ̀, kí omi tó gbẹ tán lára. Òrí náà dára bó bá jẹ́ òrí nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara á gba ìpara kan, ẹ fi díẹ̀ pa inú apá, ojú kan náà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Bó bá yún tàbí tó wú, ẹ jù ú nù. Ìpara tí a ń fi sílẹ̀ lára nìkan lẹ lè dán wò báyìí; ẹ má ṣe é fún ọṣẹ, ẹ má sì ṣe é fún aró irun láé. Sítẹ́rọ́ọ̀dì tí dókítà bá kọ, tó sì sọ ọjọ́ tí ẹ ó fi lò ó, kì í ṣe májèlé, ẹ má gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì nítorí ohun tí a sọ. Ṣùgbọ́n bí ojú tàbí ètè bá wú lójijì, tí mímí sì di ìjàkadì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró pa nǹkan kan.

Àbúrò wa ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ oníke tí kò ní rọ́bà ló ń lò báyìí, ó sì ń wọ ti òwú sábẹ́ rẹ̀. Ó tó bí oṣù méjì kí ọwọ́ náà tó rọlẹ̀ dáadáa, torí awọ kì í tètè gbàgbé. Àléfọ́ ẹ̀yìn orúnkún ṣì wà níbẹ̀, ọyẹ́ tó kọjá yìí náà yún un. Ó ti san owó ẹgbẹ́ tán. Àwa tí a sún àga wa ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, ó sì fún wa ní ẹ̀fọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó dùn wá ju kó bú wa lọ.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ká tó bẹ̀rẹ̀ ìdáwó, ẹ kó ìpara, ọṣẹ àti yẹtí tí ẹ ń fura sí wá, àti ti àwọn ọmọ yín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nọ́ọ̀sì á jókòó sídìí tábìlì, á bá yín ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta ìpara ti ní òun lòun máa kọ́kọ́ kó ti òun wá, gbogbo páálí rẹ̀.